Atẹ́gùn Kọ́ Ló Gbé Gèlè Mi

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin ará àdúgbò, ẹ̀yin tí ẹ ti òkè òkun wọlé nítorí òkúta Orrin Quamina, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé ife yín kalẹ̀ ná. Kí ẹnikẹ́ni má tíì da ọtí sórí òkúta yẹn, kí wọ́n má sì tíì gbé e ró sórí sàréè. Ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi láti ọdún mẹ́rìnlélógójì, ó ti kẹ̀ síbẹ̀, òórùn rẹ̀ sì ti wá pọ̀ ju ohun tí mo lè fi ẹ̀rín bò mọ́lẹ̀ lọ. Òní ni yóò jáde. Èmi Ismay Bedeau ni mo kọ ọ́, ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́, orí mi pé, n kò sì mu ju ife kan lọ. Ẹ óò máa bi ara yín pé kí ló dé tí Ismay, ẹlẹ́nu bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì, fi di ẹni tó ń kọ̀wé. Mo mọ ara mi ni. Bí mo bá fi ẹnu sọ ọ́, màá sọ ọ́ di ẹ̀fẹ̀. Màá mi ìdí, màá fi ojú ṣe báyìí, ẹ óò bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ óò sì ti dárí jì mí kí n tó dé ibi tó le. Bí mo ṣe ń ta gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ mi láti kékeré nìyẹn. Èyí kò ní gba ẹ̀rín. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí Vernelle, ọmọ mi, bá mi kà á. Vernelle, o kò tíì mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè ọ́ wọ ilé ìdáná lọ́sẹ̀ yìí láti sọ ọ́ fún ọ, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo sọ nǹkan mìíràn. Bí o bá dé ibi tí ohùn rẹ fẹ́ gé, mu omi, kí o sì máa kà lọ. Má fò ó.

Lucina, ọmọ Orrin, ló fà á. Ní Ọjọ́bọ̀ ló wọ àgbàlá mi, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Trinidad dé, ó gbé ojú bàbá rẹ̀ wá gẹ́lẹ́ bí ìgbà tí wọ́n bá fi ọ̀bẹ gé e. Ó ní, "Táńtì Ismay, ẹ̀yin nìkan ló kù nínú àwọn tí bàbá mi ń pè ní makumẹ̀. Ẹ̀yin ni ẹ óò fọ́ ẹyin sórí òkúta." Ó sì gbé ẹyin adìẹ kan lé mi lọ́wọ́, ó ṣì gbóná láti ìdí adìẹ. Ẹ mọ̀ pé bí a ti ń ṣe é nìyẹn: ọtí, omi, ìrẹsì, lẹ́yìn náà kí ẹni tó sún mọ́ òkú fọ́ ẹyin lé e lórí, kí ọ̀nà rẹ̀ lè tutù. Nínú gbogbo ohun tó wà láyé tí wọ́n lè ní kí n ṣe fún Orrin, ẹyin ni wọ́n gbé fún mi. Mo ní, "Ó dáa, ọmọ mi." Nígbà tó lọ tán, mo jókòó sórí àpótí, ẹyin náà wà lórí itan mi, n kò lè dìde títí ìrẹsì fi jó nínú ìkòkò. Ẹ sì mọ̀ pé ìrẹsì tèmi kì í jó.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ò mọ Orrin. Orúkọ tí ẹ gbọ́ ni Orrin Fọ́ẹyin, àti orin tí àwọn ọmọdé fi ń ta okùn fò. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan tí ẹ ò gbọ́. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, onísùúrù, tí kì í sọ ju gbólóhùn méjì lọ láàárín oúnjẹ àárọ̀ sí tọ̀sán. Òun ló gbé Vernelle sórí omi ìrìbọmi, òun ni bàbá ìsàmì rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti di kọnpè mi, tí mo di makumẹ̀ rẹ̀, tí a ò sì pe ara wa ní "ìwọ" mọ́, "ẹ̀yin" ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a jọ wẹ̀ níhòòhò nínú òkun nígbà tí a wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà. Ọjọ́ ìrìbọmi yẹn ló ra gèlè kan fún mi, àwọ̀ òfeefèé tí ìlà pupa gba àárín rẹ̀, kò sí irú rẹ̀ lórí ẹnikẹ́ni ní erékùṣù yìí. Gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá rí ohun òfeefèé tó ń bọ̀ lókè, wọ́n á ní, "Ẹ gbé oúnjẹ pamọ́, Ismay ń bọ̀." Ẹ̀yin àgbà, ẹ sì bá mi jẹ́rìí sí èyí: kọnpè kì í na ìka sí makumẹ̀ rẹ̀ ní gbangba. Bó bá jí adìẹ rẹ, wá bá a lẹ́yìn ilé. Níwájú ènìyàn, bò ó láṣìírí. Òfin yẹn le ju ti kóòtù lọ. Orrin pa á mọ́.

Mapelagi, àpáta tó dá wà láàárín òkun, ńkọ́? Nígbà èwe mi, ìdílé kọ̀ọ̀kan ló ní ìpín tirẹ̀ lórí àpáta náà, tí ẹnikẹ́ni kò gbé àfi ẹyẹ. Bí oṣù karùn-ún bá ti dé, a ó wakọ̀ lọ kó ẹyin. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, gbogbo ẹyin tó wà ní ìpín rẹ lo máa fọ́ pátá, torí o kò mọ èyí tó ti ní ọmọ nínú. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì ẹyẹ á tún yé, tuntun náà lo máa kó wálé. Ìyá àgbà mi máa ń sọ pé, "Fọ́ tàná kí o lè jẹ tòní." Ṣùgbọ́n ó tún máa ń sọ pé, "Bí ọjọ́ Pétérù Mímọ́ bá ti kọjá, ká ọwọ́ rẹ kò. Ẹyẹ ò ní òmíràn nínú mọ́. Ohun tí o bá fọ́ nígbà náà, o fọ́ ọ gbé nìyẹn." Ìdajì ọ̀rọ̀ ìyá àgbà ni mo fi ṣe ohun tí mo ṣe. Ìdajì kejì, mo fi há ẹ̀yìn etí bí apẹja ti ń fi sìgá síbẹ̀.

Nígbà tí mo fi máa di ìyá ọlọ́mọ, àwọn àlejò ti ń wá. Láti ìlú òtútù ni wọ́n ti ń wá wo ẹyẹ wa, wọ́n á gbé gíláàsì gígùn tí wọ́n fi ń wo ohun òkèèrè kọ́ ọrùn, wọ́n á jókòó sórí òkúta láti òwúrọ̀ títí oòrùn yóò fi yẹ̀, wọ́n á kan máa wò. A kọ́kọ́ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Lẹ́yìn náà la rí i pé wọ́n ń jẹun, wọ́n ń sùn, wọ́n ń fẹ́ orin, gbogbo ilé ló sì ń rí nǹkan lára wọn. Ìlú bá pàdé, wọ́n ní ó tó, kí ẹnikẹ́ni má kó ẹyin ní Mapelagi mọ́, wọ́n sì fi Orrin ṣe olùṣọ́ ibẹ̀. Ọkọ̀ rẹ̀ ló ń gbé àlejò lọ, èmi sì ni mo máa ń bá wọn lọ dáná. Orrin mọ ẹyẹ yẹn bí mo ṣe mọ igbe ọmọ mi. Ẹyẹ kékeré dúdú oníkùn-funfun tí à ń pè ní tuwaú nítorí igbe rẹ̀, àwọn ló pọ̀ jù, ẹgbẹẹgbẹ̀rún, wọ́n ń yé ẹyin ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí ilẹ̀ lásán. Orrin á máa fi ẹsẹ̀ kan fò láti má tẹ̀ wọ́n. Mo máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé, "Kọnpè, ṣé kì í ṣe pé ẹ̀yin gan-an ló yé wọn?" Á ní, "Ẹ má sọ fún ìyàwó mi, makumẹ̀."

Ẹnu mi ló kó bá mi. Ena, ọmọ àbúrò bàbá mi, ẹgbẹ́ mi, fẹ́ ṣègbéyàwó, èmi ni mo máa ṣe àkàrà òyìnbó. Ọ̀dá sì wà lọ́dún náà, adìẹ kò yé. Níbi omi ẹ̀rọ ni a wà tí Philma aládùúgbò wa fi sọ ọ́ létí gbogbo obìnrin pé, "Ismay, èyí tí o ṣe níjọ́sí, ajá mi gbóòórùn rẹ̀, ó lọ mu omi." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí wọ egungun, torí òótọ́ ni. Mo bá na ìka sókè, mo ní àkàrà Ena máa pupa nínú bí oòrùn àṣálẹ́, pé ọgọ́ta ẹyin ni mo máa fi pò ó, kí wọ́n wá wò ó. Philma ní, "Ọgọ́ta ẹyin ta ni? Tìrẹ?" Mo ní, "O ó rí i." Ẹ ò rí i bí nǹkan ṣe kéré tó. Àkàrà. Ẹni tó bá gbé ènìyàn ṣubú nítorí ilẹ̀ tàbí nítorí ọkọ, ó ní ohun tó lè sọ. Èmi, nítorí àkàrà tí wọ́n jẹ, tí wọ́n sì ṣu dànù ní ọjọ́ kejì.

Sátidé tó tẹ̀lé e ni Lambert sọ ọkọ̀ ńlá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn sómi ní etíkun ìlà-oòrùn. Ẹ mọ̀ bó ṣe máa ń rí: kò sí ẹni tó ń kù nílé, gbogbo apá ló wà lórí okùn tí a fi ń fà á. Ọjọ́ Pétérù Mímọ́ ti kọjá ní ọjọ́ mẹ́fà. Mo sọ fún ara mi pé òjò pẹ́ lọ́dún yìí, ẹyẹ náà á ti pẹ́. Ète mi rèé, ẹ gbọ́ ọ, ó gbọ́n ju èmi lọ: èmi àti Ena á lọ fọ́ ẹyin tó wà ní ìpín ìdílé wa ní Sátidé nígbà tí ojú gbogbo ìlú wà lára ọkọ̀ Lambert, ní Mọ́ńdè, Orrin fẹ́ gbé àlejò mẹ́fà lọ, èmi alásè á tẹ̀lé wọn pẹ̀lú ìkòkò ńlá tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀, bí àlejò bá sì ti gbé gíláàsì sójú lókè àpáta, èmi á máa ṣa ẹyin tuntun sínú ìkòkò nísàlẹ̀. Wàhálà kan ṣoṣo ló wà. Vernelle, ọmọ ọdún mẹ́ta, ti ń gbóná fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọkọ mi wà lójú òkun. Láàárọ̀ Sátidé náà ni Orrin gbé omi àgbọn wá fún un. Mo ní, "Kọnpè, ẹ bá mi jókòó ti ọmọ yìí. Wọ́n ní kí n wá ro kúkù àgbàdo níbi ọkọ̀ Lambert." Ó ní, "Ẹ máa lọ. Èmi gan-an ò ní agbára tí mo máa fi fa ọkọ̀ ẹlẹ́nu gbogboro yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí wọ́n fún yín lọ́tí jù o, ẹ ó bọ́ sínú ìkòkò." Mo ní, "Bí mo bá bọ́ sí i, kúkù á dùn sí i ni." A jọ rẹ́rìn-ín. Mo gbé ọmọ mi lé e láyà, ọmọ náà gbóná bí òkúta ààrò, mo sì jáde pẹ̀lú ẹ̀rín lọ fọ́ ohun tí ó ń ṣọ́. Vernelle, ìwọ ni ọmọ yẹn. Mu omi. Kà á lọ.

A wakọ̀ lọ, èmi àti Ena, òkun dákẹ́ bí ọbẹ̀ tó ti tutù. Ẹni tó bá fẹ́ gúnlẹ̀ ní Mapelagi gbọ́dọ̀ dúró kí ìgbì gbé ọkọ̀ sókè, kó sì fò kí ó tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ena fò bí ewúrẹ́. Èmi fò, ìdí mi ló kọ́kọ́ dé èbúté. Ena rẹ́rìn-ín títí ó fi tọ̀ sára. Lókè wa, ẹ̀gbẹ́ àpáta funfun fún ìgbẹ́ ẹyẹ bí ẹni pé wọ́n fi ẹfun kùn ún, òkun ń wọ ihò abẹ́ rẹ̀, ó ń bú ramúramù, ó ń mí jáde, àwọn ẹyẹ onírù àlùmọ́gàjí sì dúró lójú ọ̀run láì mi apá. Àwọn tuwaú dìde nígbà tí wọ́n rí wa, ojú ọjọ́ ṣókùnkùn lọ́sàn-án gangan. A bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Ẹsẹ̀ la fi ń fọ́ ọ, a ń jó, Ena ń kọ orin ìyàwó, èmi ń gbè é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé bí mo ṣe kọ ọ́ yìí, ẹ lè rí ìdí mi bó ṣe ń mì níbẹ̀. Ibi tí mo ti ń lo ẹ̀rín bí aṣọ ìbora nìyẹn.

Kò pẹ́ tí Ena dákẹ́ orin. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń wo ilẹ̀. Ó ní, "Ismay, kì í ṣe ẹyin ni." Mo ní, "Kí ni bí kì í ṣe ẹyin?" Ó ní, "Ó ń mí." Mo wò ó. Ọmọ ẹyẹ ni, ó ti hu ìyẹ́, ó ti lẹ́nu, ìdajì rẹ̀ wà nínú èèpo. Gbogbo wọn ló rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan péré ló kù kí wọ́n pa. Ìyá àgbà mi ti sọ ọ́. Ena ní, "Jẹ́ ká lọ, n kò fẹ́ àkàrà mọ́." Ibi tó yẹ kí n dúró nìyẹn, Ọlọ́run sì fi ẹnu Ena sọ ọ́ fún mi. Ṣùgbọ́n mo ti rò ó. Mo ní, "Bí a bá fi ìdajì sílẹ̀, Orrin á mọ̀ pé ọwọ́ ènìyàn ni. Bí gbogbo rẹ̀ bá bàjẹ́, á rò pé eku ló wọ àpáta." Ena lọ jókòó sínú ọkọ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Ẹ fi Ena sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí o. Kí ó tó kú ní èṣí, ó ní kí n má sọ ọ́ nítorí orúkọ òun wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kò bàjẹ́. Ena dá dúró. Èmi ni mo mú àjẹ̀, tí mo sì rin àpáta náà láti etí dé etí, kì í ṣe ìpín ìdílé wa nìkan mọ́, ti gbogbo ìlú. Àwọn ẹyẹ ń fi apá na orí mi, wọ́n ń fi ẹnu gún mi, mo ń bú wọn bí ẹni pé àwọn ni wọ́n jẹ̀bi. N kò mọ ìgbà tí gèlè bọ́ lórí mi. Ilé ni mo ti mọ̀. Nígbà tí mo dé ní ìrọ̀lẹ́, mo bá Orrin nílé, ọmọ ti làágùn, ibà ti lọ, ó ti sùn sí i láyà. Ó ní, "Makumẹ̀, kúkù náà ńkọ́?" Mo ní ó ti tán.

Mọ́ńdè dé. N kò lè sọ pé n kò ní lọ. Mo gbé ìkòkò mi, mo jókòó sí ẹ̀yìn ọkọ̀. Àlejò mẹ́fà ni wọ́n, ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ìyá arúgbó tó ń fi ọ̀pá rìn, ó ní láti ìgbà ọmọdé lòun ti rí àwòrán tuwaú nínú ìwé. Ó ń kó bísíkíìtì fún mi ní gbogbo ojú ọ̀nà. Lọ́jọ́ mìíràn, kí a tó dé ìdajì òkun la ti máa ń gbọ́ ariwo ẹyẹ, bí ọjà. Lọ́jọ́ náà, a ń sún mọ́ ọn, a ń sún mọ́ ọn, a ò gbọ́ nǹkan kan, àfi ihò abẹ́ àpáta tó ń mí. Orrin dá ẹ́ńjìnnì dúró. Ó gbé orí sókè bí ẹni tí wọ́n pè. Lẹ́yìn náà ni òórùn dé. Òun ló kọ́kọ́ fò sórí ilẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Mo rí i tó tẹ̀ síwájú, tó dúró, tó bẹ̀rẹ̀ mú ohun kan nílẹ̀, tó fi í sínú ẹ̀wù. Nígbà náà, n kò mọ ohun tí ó mú. Àwọn alákàn bo ilẹ̀, wọ́n ń jẹ àjẹkù. Wọ́n gbé ìyá arúgbó náà gun òkè, wọ́n fi í jókòó. Ó gbé gíláàsì sójú, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó ní, "Níbo ni wọ́n wà?" Orrin dá a lóhùn pé, "Ìyá, ní ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n wà níbí." Mo ṣí ìkòkò mi láti bu oúnjẹ, wọ́n sì rí i pé ẹja díẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ ìkòkò tó lè gba odindi ewúrẹ́. Kò sí ẹni tó bi mí. Orrin wo ìkòkò náà, ó sì wo òkun.

Ní Túsìdé ìlú pàdé lábẹ́ igi àjàgbọn tó wà létíkun. Ẹ̀rù bà wọ́n, inú bí wọn, torí àwọn àlejò ti di ẹrù wọn, wọ́n ti lọ. Dunstan, olórí àwọn apẹja, ló bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ibi tí oníkálukú wà ní Sátidé. Kálukú ní òun wà lórí okùn Lambert. Ta ni kò sí níbẹ̀? Orrin. Dunstan ní, "Ìwọ nìkan ni o mọ ibi tí wọ́n yé sí. Ìwọ nìkan ni a ò rí. Níbo lo wà?" Orrin ní, "Ilé makumẹ̀ mi ni mo wà, mo jókòó ti ọmọ rẹ̀ tó ń ṣàìsàn." Philma ní òun rò pé Ismay wà níbi ọkọ̀, àbí kò sí? Ẹlòmíràn ní òun rí i. Ẹ mọ bí èrò ṣe ń pọ̀ níbẹ̀, kálukú ló rò pé òun rí mi, torí ta ni kì í rí mi? Dunstan kọjú sí mi. Ó ní, "Ismay, o ti gbọ́ ohun tó sọ. Ṣé o rí Orrin nílé rẹ ní Sátidé?"

Ẹ wò ó. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ìbéèrè tó kàn ni pé ìyá ọmọ ńkọ́. Mo ní, "Lọ́sàn-án yẹn? N kò rí i."

Òótọ́ ni. N kò rí i lọ́sàn-án yẹn, torí mo wà lórí Mapelagi pẹ̀lú àjẹ̀ lọ́wọ́. Òótọ́ yẹn ni mo fi gé e lọ́rùn. Gbogbo orí yí sí i. Gbólóhùn kan péré ló lè gbà á, gèlè mi, ohun tó mú nílẹ̀ ní Mapelagi, sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìgbà tó bá wù ú ló lè nà án sókè kí gbogbo ìlú rí i. Ó wò mí. Kò bínú, ìyẹn ló pa mí. Ó ní, "Bí makumẹ̀ mi bá ní òun kò rí mi, a jẹ́ pé kò rí mi." Ó dé fìlà rẹ̀, ó lọ sílé.

Láti ọjọ́ náà, wọn kò ra ẹja lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n gé okùn ọkọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ọmọdé da èèpo ẹyin sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, wọ́n kọ orin fún un. Vernelle, nígbà tí o pé ọmọ ọdún márùn-ún, o ń kọ orin yẹn láàárín àgbàlá, o ń fò, mo sì ń lọ àgbàdo, n kò sọ pé kí o dákẹ́. Ọkùnrin tó gbé ọ sáyà títí ibà fi lọ. Má jẹ̀bi, ọmọ mi. Ẹni tó kọ́ ọ lórin náà ni mo jẹ́. Àkàrà Ena kò wú, ó pẹlẹbẹ bí àwo, torí omi àti àgbọn ni mo fi pò ó. Ena sunkún ní ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, àwọn ènìyàn sì ní ayọ̀ ni.

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí Orrin fi kó ìyàwó rẹ̀ àti Lucina lọ sí Trinidad. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa wọ ọkọ̀, ó wá sí ẹnu fèrèsé ilé ìdáná mi. Ó gbé nǹkan kan lé orí fèrèsé, ó ti fọ̀ ọ́, ó ti lọ̀ ọ́, ó ti ká a dáadáa. Gèlè òfeefèé. Ó ní, "Makumẹ̀, gèlè yín rèé. Mo rò pé atẹ́gùn ló gbé e." Mo ní, "Ẹ ṣé, kọnpè." Ohun tí mo sọ nìyẹn. Èmi tí ẹnu mi kì í di, ẹ ṣé. Ó béèrè bí ọmọ ṣe ń ṣe sí, ó sì lọ. Kódà irọ́ tí mo máa pa, òun ló bá mi ṣe é, ó sì gbé e fún mi ní fífọ̀.

Ẹnikẹ́ni tó bá ti Trinidad wálé, ìbéèrè kan náà ni Orrin máa ń rán sí ìlú: ṣé àwọn ẹyẹ ti padà? Kò béèrè ilé, kò béèrè ilẹ̀. Ọdún mọ́kànlá kọjá kí wọ́n tó dé, wọn ò tíì pọ̀ tó ti tẹ́lẹ̀ títí dòní. N kò fi ìwé ránṣẹ́ sí i láti sọ fún un. Nígbà tí òun fúnra rẹ̀ padà dé ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, inú pósí ló wà, ènìyàn mẹ́jọ ló sin ín láì sí òkúta lórí sàréè, èmi sì wà nílé, mo ní ẹsẹ̀ ń dùn mí. Ẹsẹ̀ ò dùn mí.

Vernelle, gèlè náà wà nínú àpò tí mo fi ìwé yìí sí. Nà án sókè kí wọ́n rí i. Ẹ wò ó dáadáa létí, àbàwọ́n ẹyin kan wà níbẹ̀ tí kò lọ nígbà tó fọ̀ ọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, mi ò lẹ́nu láti wàásù, ṣùgbọ́n ẹ gba èyí lọ́wọ́ arúgbó tó ti jìn sí kòtò: ẹ ṣọ́ra fún òótọ́ tí ẹ bá mọ̀ pé irọ́ ni wọ́n máa gbọ́ níbẹ̀. Irọ́ lásán, ènìyàn lè jẹ́wọ́ rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣùgbọ́n "n kò rí i" yẹn, ọdún mẹ́rìnlélógójì ni mo fi ń sọ fún ara mi pé n kò purọ́.

Lucina, orúkọ bàbá rẹ àti ọdún rẹ̀ nìkan lo ní kí wọ́n gbẹ́ sára òkúta, torí o kò mọ ohun tí ìlú máa gbà. Ẹni tó gbẹ́ òkúta ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú irin rẹ̀. Mo bẹ̀ ọ́, mo bẹ gbogbo ìlú, ẹ jẹ́ kó fi kún un: Olùṣọ́ Mapelagi. Kí wọ́n tó gbé e ró. Èmi, n kò ní ẹnu láti ní kí o dárí jì mí, ṣùgbọ́n mo ń bẹ̀bẹ̀ náà, torí alágbe kì í yan ohun tí yóò tọrọ. Ẹyin tí o fún mi, mo ti dá a padà sínú abọ́ lórí fèrèsé ilé ìdáná rẹ láàárọ̀ yìí. Mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ géètì, níbi tí gbogbo yín ti lè rí mi. Bí o bá ní kí n máa lọ, màá dìde, n kò ní gbé àwo kankan dání. Ṣùgbọ́n bí o bá lè fi ẹyin yẹn ránṣẹ́ sí mi, màá wá síbi òkúta, màá fọ́ ọ lójúmọmọ, lójú gbogbo ìlú, kí n fọ́ ẹyin kan ṣoṣo láyé mi tí Orrin mọ̀ sí.